Rósárì: ẹnu ń kà á, ọkàn ti lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá wa dá sí i

ỌmọÈbúté:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìjọ Àgùdà tó wà níbí. Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwa mélòó kan tí à ń kọ́ katikísímù lọ́wọ́ ní Èbúté Mẹ́tà. A ti mọ àwọn àdúrà rósárì sórí, a sì mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ohun tó kù ni pé bí a bá fi máa dé ọ̀wọ́ kejì (Mo kí ọ Màríà mẹ́wàá ni ọ̀wọ́ kan), ẹnu á ṣì wà lórí Mo kí ọ Màríà, ọkàn á ti dé ọjà Balógun. Àwọn kan á gbà á lọ́jọ́ mẹ́rin, wọ́n á pa á jẹ lọ́jọ́ karùn-ún, ojú á wá máa tì wọ́n láti tún bẹ̀rẹ̀. Tí ariwo bá sì da òǹkà rú, ṣé ìbẹ̀rẹ̀ la ó padà sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní ká ní ìgbàgbọ́. Ẹ sọ ohun tí ọwọ́ àti ẹnu máa ṣe.

KátékísìYábàá:
Ìbéèrè gidi nìyí. Ọwọ́ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní àìfọkànsí, ọwọ́ tí kò tíì mọ̀nà ló ń fà á.

Rósárì ọlọ́wọ̀ọ́ márùn-ún ní ìlẹ̀kẹ̀ 59. Kékeré jẹ́ 53, ńlá jẹ́ 6. Ẹ mú ìrù rẹ̀ dání: àgbélébùú ló ṣáájú, orí rẹ̀ lẹ ó ti ka Mo gba Ọlọ́run gbọ́. Ńlá kan tẹ̀ lé e fún Baba Wa, kékeré mẹ́ta fún Mo kí ọ Màríà, ti ìgbàgbọ́, ìrètí àti ìfẹ́. Lẹ́yìn náà ńlá kan tún wà kó tó kan mẹ́dàlì tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ńlá kejì yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Orí rẹ̀ la ti ń ka Baba Wa ti ọ̀wọ́ kìn-ín-ní, a ó wá fo mẹ́dàlì bọ́ sórí kékeré mẹ́wàá. Ẹni tó bá kà á níbẹ̀, tó tún kà á lórí mẹ́dàlì, kò dẹ́ṣẹ̀ o, ṣùgbọ́n iyèméjì ti wọ inú rẹ̀, yóò sì bá a dé òpin.

Àlàfo tó wà láàárín kékeré ìkẹwàá àti ńlá tó kàn ni ti Ògo ni fún Baba, àti ti àdúrà Fàtímà tí ẹ bá ń fi í kún un. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ńlá. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dárúkọ ohun ìjìnlẹ̀ tó kàn (ìṣẹ̀lẹ̀ ìgbésí ayé Jésù tàbí Màríà tí à ń ṣàṣàrò lé lórí) lẹ tó mú un.

Èyí tó ṣe kókó jù: ẹ má ṣe fi ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó sọ Àmín. Ìka tó bá ti yọ́ lọ sórí ìlẹ̀kẹ̀ kejì nígbà tí ẹnu wà ní Màríà Mímọ́ (ìdajì kejì Mo kí ọ), òun ló ń sọ mẹ́wàá di mẹ́jọ.

Légíọ̀nMushin:
Mo fara mọ́ ti Kátékísì. Ti òǹkà tó dàrú: ẹ má padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Láé. Bó ṣe mẹ́sàn-án, bó ṣe mọ́kànlá, àdúrà ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá ń padà ni pé ìbẹ̀rù àṣìṣe á di ohun tó ń rò dípò Jésù, rósárì ogún ìṣẹ́jú á di ogójì, kò sì ní fẹ́ fojú kàn án lọ́jọ́ kejì. Ibi tí ọwọ́ yín bá wà náà ni kí ẹ ti máa bá a lọ. Tí ìlẹ̀kẹ̀ bá já bọ́ lọ́wọ́ tí ẹ kò mọ ibẹ̀ mọ́, ẹ fojú bù ú, ẹ mú ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ inú ẹgbẹ́ ni, tí aṣáájú bá ti kọjá mẹ́wàá, ẹnì kan ṣoṣo ni kó fohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ Ògo ni fún Baba. Kì í ṣe kí èèyàn márùn-ún máa ka ìka sókè.

ÀǹtíFálómo:
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì ti tọ́jú ọwọ́, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọkàn.

Ọmọ mi, ìwé Katikísímù ti Ìjọ sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ìpínrọ̀ 2729: ẹni tó bá dìde láti lé èrò tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, inú pańpẹ́ èrò náà ló ń kó sí. Kí o yí ọkàn padà ti tó. Nítorí náà, nígbà tí o bá rí i pé o ti dé Balógun, má bínú sí ara rẹ, má sì máa wádìí ìgbà tí o kúrò nílé. Dárúkọ ohun ìjìnlẹ̀ náà nínú lẹ́ẹ̀kan, kí o sì máa lọ. Tó bá ṣẹlẹ̀ nígbà ogún, ṣe é nígbà ogún.

Ṣùgbọ́n ọkàn tí kò rí nǹkan dì mú yóò lọ ni. Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà kọ ọ́ lọ́dún 1974 pé rósárì tí kò ní àṣàrò, ara tí kò ní ẹ̀mí ni. Nínú lẹ́tà tí Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì kọ ní October 2002, ó ní kí a dárúkọ ohun ìjìnlẹ̀, kí a ka ibi tó bá a mu nínú Bíbélì, kí a sì dákẹ́ díẹ̀ kí Baba Wa tó bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn la sábà máa ń fò. A ó kéde Ìrora Olúwa nínú ọgbà, kò tíì parí lẹ́nu, Baba Wa ti bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ ká mú ọgbà yẹn gan-an, Lúùkù 22:39-46. Má gbìyànjú láti ro gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mú nǹkan mẹ́ta péré. Ó jìnnà sí wọn ní ìwọ̀n ìsọ òkò kan: fi Mo kí ọ Màríà mẹ́ta wo ìjìnnà yẹn, bí ẹni tó wà nítòsí ṣe lè wà lóun nìkan. Òógùn rẹ̀ ń kán sílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀: mẹ́ta nìyẹn. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn sùn, Lúùkù sì ní ìbànújẹ́ ló kó oorun bá wọn: mẹ́ta míràn. Èyí tó ṣìkẹwàá, má ro nǹkan kan mọ́, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí owó ilé bá yọjú láàárín, mú un wọ inú ọgbà náà, kí o fi ìlẹ̀kẹ̀ tó kàn bẹ̀bẹ̀ fún un. Nígbà náà, kì í ṣe àlejò mọ́.

Ọ̀nà kan tún wà fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í gbélé rárá. Lẹ́yìn orúkọ Jésù, kí Màríà Mímọ́ tó bẹ̀rẹ̀, fi gbólóhùn kan nípa ohun ìjìnlẹ̀ náà kún un: Jésù, tó làágùn ẹ̀jẹ̀ fún wa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbà á nílẹ̀ Jámánì, lẹ́tà 2002 yẹn sì yìn ín.

ỌmọPópóÀgùdà:
Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dáa, ṣùgbọ́n ẹrù náà pọ̀ lórí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọ̀wọ́ kejì ti ń rẹ̀ ni a tún fẹ́ fún ní Bíbélì, ìdákẹ́ àti gbólóhùn àfikún nínú ọ̀wọ́ márààrún.

Èrò tèmi ni pé kí wọ́n má ka márùn-ún rárá. Ọ̀wọ́ kan lóòjọ́, fún oṣù kan gbáko. Ọ̀wọ́ kan kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ tí a kò bá sáré. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, ẹ lè ṣe gbogbo ohun tí Àǹtí sọ láìsáré. Oṣù kejì, ẹ sọ ọ́ di méjì. Ẹni tó bá fi márùn-ún bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń kọ́ bí a ṣe ń sáré ni, ìsáré tó bá sì ti wọ ẹnu kì í tètè jáde: Mo kí ọ á wọnú Màríà Mímọ́, aṣáájú àti elégbè á máa gun ara wọn lórí.

Èyí tó tún ń lé èèyàn sá ni kí wọ́n lọ kó wọnú nófẹ́nà (àdúrà àtẹ̀léra) ọlọ́jọ́ 54 nígbà tí rósárì kò tíì mọ́ wọn lára. Ọjọ́ 27 fún ẹ̀bẹ̀, 27 fún ọpẹ́, márùn-ún lójoojúmọ́. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n wà fún ìyẹn.

ÀǹtíFálómo:
Ọmọ Pópó, kò sí ìbínú. Ọ̀wọ́ kan náà ni mo ní lọ́kàn, mi ò là á yé wọn ni. Mo gbà.

BlockRosaryṢómólú:
N kò gbà o. Ẹ wo àwọn ọmọdé tó ń péjọ ní ìrọ̀lẹ́ fún Block Rosary. Márùn-ún ni wọ́n ń kà láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti dé, kò sì sí ẹni tó fi ọ̀wọ́ kan dán wọn wò. Àwùjọ ló ń gbé wọn. Aṣáájú ka ìdajì kìn-ín-ní, ìyókù dáhùn láti Màríà Mímọ́, ìdajì iṣẹ́ ti kúrò lọ́rùn rẹ nìyẹn. Etí rẹ ń sinmi nígbà tí ẹnu ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń sinmi nígbà tí etí ń gbọ́. Ẹni tó bá ń dá a kà nínú yàrá ló ń rí ìyà tí ẹ̀ ń sọ yìí.

KátékísìYábàá:
Òótọ́ wà nínú ti Ṣómólú. Àwùjọ kì í jẹ́ kéèyàn dá a dúró. Àléébù rẹ̀ ni pé èèyàn lè dáhùn fún ọdún mẹ́wàá láìmọ ohun ìjìnlẹ̀ tí a wà. Ẹ so méjèèjì pọ̀: ẹ bá wọn ka márùn-ún lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀, ẹ dá ọ̀wọ́ kan kà ní àwọn ọjọ́ yòókù.

Fún ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ń nà pé àdúrà òun kò níláárí torí ọkàn lọ: Tọ́másì Mímọ́ ti Akúínásì pín àfiyèsí nínú àdúrà sí mẹ́ta. Kí a má ṣi ọ̀rọ̀ pè. Kí a mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Kí a fi ojú sí Ọlọ́run àti ohun tí à ń tọrọ. Ó ní èyí tó gbẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì jù, ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè ní in. Ó tún ní èrò tí a fi bẹ̀rẹ̀ ń gbé àdúrà náà ró bí ọkàn bá tiẹ̀ yẹ̀ láìmọ̀. Èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ fà ni ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú rẹ̀, irú bíi kí o máa fi ọwọ́ kan dáhùn WhatsApp. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan àgbélébùú, ẹ sọ ọ́ jáde: nítorí ẹni báyìí, tàbí ohun báyìí, ni mo fẹ́ ka èyí. Gbólóhùn kan péré.

ÌkòròdúSíCMS:
Ẹ dákun, ti àwa tí à ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ ńkọ́? Inú bọ́ọ̀sì BRT nìkan la ti ń ráyè. Ṣé ó wúlò?

ỌmọPópóÀgùdà:
Ó wúlò gan-an. Orí Third Mainland Bridge nìkan gba rósárì odindi lọ́jọ́ tí gosiló bá wà, ó sì lè gba méjì. Ẹ lo èyí tí wọ́n fi òwú hun, kò ní há mọ́ báàgì ẹni tó jókòó tì yín, kò sì ní já. Ẹ fi sínú àpò, ẹ máa fi ìka wá a. Òrùka onímẹ́wàá tó ní àgbélébùú lórí náà dáa: kókó mẹ́wàá fún Mo kí ọ Màríà, àgbélébùú fún Baba Wa. Ẹ fi ètè kà á, ohùn kò pọn dandan. Ẹ má wo fídíò rósárì lórí fóònù o, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòrán, ìfìwéránṣẹ́ á sì já wọlé. Tó bá jẹ́ ohùn lásán lẹ fẹ́ gbọ́, ẹ wà á sílẹ̀ láti ilé, kí ẹ sì pa dátà.

Ẹni tó ń wakọ̀, kó gbé ìlẹ̀kẹ̀ jìnnà sọ́wọ́. Ìka mẹ́wàá ni Ọlọ́run fún un, kó fi wọ́n ka orí sítíárì. Àwọn LASTMA tó ń darí ọkọ̀ l'Èkó kò mọ ohun ìjìnlẹ̀.

Légíọ̀nMushin:
Ẹ tún lè pín in: ọ̀wọ́ kan nínú ọkọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ìyókù lálẹ́. Àdúrà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kàn mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ gba ìdáríjì ẹ̀kún-rẹ́rẹ́ (ìmúkúrò ìyà tó kù lẹ́yìn tí a ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì) tí Ìjọ so mọ́ rósárì gbọ́dọ̀ ka márùn-ún léra wọn láìdáwọ́dúró, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí pẹ̀lú ẹbí tàbí ẹgbẹ́, kó máa ṣàṣàrò, pẹ̀lú ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, gbígba Ara Olúwa, àdúrà fún èrò Póòpù, àti ọkàn tó ti kọ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo sílẹ̀.

ÌkòròdúSíCMS:
Ẹ ṣé. Ẹnìkan ní òun máa ń kà á nínú Mísà àárọ̀ kí òun lè rí àyè rẹ̀ pa pọ̀.

KátékísìYábàá:
Rárá. Mísà ní àdúrà tirẹ̀. Ìwé 1974 yẹn náà pe kíka rósárì nígbà ìsìn ní àṣìṣe. Kó kà á kí Fadá tó jáde, tàbí lẹ́yìn ìbùkún.

ỌmọÈbúté:
Ẹ ṣeun gan-an. Aago wo ló dára jù nígbà náà? Ọ̀pọ̀ wa ń fi í sí alẹ́ lórí ibùsùn, oorun sì ń gbé wa lọ. Ọjọ́ tí a bá sì pa jẹ, ṣé ká san án padà?

ÀǹtíFálómo:
Oorun náà nìdáhùn. Ìgbẹ̀yìn ọjọ́ nílùú Èkó, ara ti kú. Tó bá jẹ́ alẹ́ nìkan lo ní, kà á kí o tó jẹun, kí o tó jókòó. Lórí ìdúró tàbí kí o máa rìn nínú yàrá. Orí ibùsùn wà fún ọ̀wọ́ kan tí o fi ń sùn, kì í ṣe èyí tí o fẹ́ fi kọ́.

Ohun tó ń jẹ́ kó dúró ni kí o so ó mọ́ nǹkan tí o ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń ka Áńjẹ́lọ́ọ̀sì (àdúrà Ìkéde Áńgẹ́lì) ní aago méjìlá ọ̀sán tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kó tẹ ọ̀wọ́ kan mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tún dáa torí pé jẹnẹrétọ̀ àdúgbò kò tíì bẹ̀rẹ̀ ariwo lọ títí. Má sọ pé “nígbà tí mo bá ráyè”. Ẹnikẹ́ni kì í ráyè ní Èkó.

Ọjọ́ tó bá bọ́, jẹ́ kó bọ́. Má san án. Ẹni tó bá ń san án á jẹ gbèsè ọ̀wọ́ márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á wá máa sá fún Ìyá Olúwa bí ẹni tó jẹ alájọ lówó. Ohun ìjìnlẹ̀ tòní ni kí o mú. Ìtìjú tí o sọ níbẹ̀rẹ̀ yẹn, inú gbèsè tí kò sí yìí ló ti ń wá.

Ìgbà kan á sì dé tí kò ní dùn rárá, tí ọ̀rọ̀ á gbẹ lẹ́nu. Tẹ̀rẹ́sà Mímọ́ ti Lisieux, tí Ìjọ pè ní Olùkọ́ni, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kíka rósárì lóun nìkan nira fún òun ju wíwọ ohun ìfìyàjẹra lọ, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ràn Màríà. Kò dá a dúró. Nígbà gbígbẹ yẹn, dín iye rẹ̀ kù tó bá pọn dandan, má yí aago rẹ̀ padà.

BlockRosaryṢómólú:
Ẹ má gbàgbé ọjọ́ tí ìpín ohun ìjìnlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, márùn-ún márùn-ún, bọ́ sí. Mọ́ńdè àti Sátidé, Ayọ̀. Túsìdé àti Fúráìdé, Ìbànújẹ́. Wẹ́sìdé àti Sọ́ńdè, Ògo. Tọ́sìdé, Ìmọ́lẹ̀. Ìwé pélébé àtijọ́ tó ní ohun ìjìnlẹ̀ 15 ṣì wà nílé ọ̀pọ̀ èèyàn, kò ní Ìmọ́lẹ̀ nínú torí ọdún 2002 ni wọ́n fi márùn-ún yẹn kún un. Nínú ìwé yẹn, Ayọ̀ ló wà ní Tọ́sìdé, Ògo ní Sátidé. Ohun tó ń fa àríyànjiyàn nínú ẹgbẹ́ nìyẹn. Ẹ fẹnu kò kí ẹ tó kúnlẹ̀.

ỌmọÈbúté:
Tó bá jẹ́ ọ̀wọ́ kan lóòjọ́, èwo la ó mú nínú márùn-ún ọjọ́ náà?

ỌmọPópóÀgùdà:
Ẹ máa tò ó. Mọ́ńdè yìí, Ìkéde Áńgẹ́lì, Lúùkù 1:26-38. Mọ́ńdè tó ń bọ̀, Ìbẹ̀wò sí Èlísábẹ́tì, 1:39-56. Lẹ́yìn náà Ìbí Olúwa, Ìfihàn nínú Tẹ́ḿpìlì, Rírí Jésù nínú Tẹ́ḿpìlì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún á ti gbé yín la gbogbo 20 kọjá, ẹ ó sì ti ka ibi tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Tí ẹ bá wá dé orí márùn-ún, kò sí èyí tó máa ṣàjèjì.

ỌmọÈbúté:
Ó yé wa wàyí. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan ṣoṣo ló kù: ti ẹnìkan nínú wa já níbi mẹ́dàlì, Fadá sì ti bùkún un. Ṣé kó ra òmíràn?

Légíọ̀nMushin:
Kó tún un ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà ń já, torí ihò mẹ́dàlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń fa wáyà. Kó fi pláyà kékeré ṣí òrùka wáyà náà sí ẹ̀gbẹ́, kó má fà á gbọọrọ nítorí kò ní lè pa dé dáadáa mọ́, kó kọ́ ọ padà, kó sì tẹ̀ ẹ́ pa títí ẹnu méjèèjì á fi kanra. Ìbùkún kò kúrò lára rẹ̀ torí pé ó já. Kó kàn ka ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn àtúnṣe kó lè mọ̀ bóyá ìlẹ̀kẹ̀ kankan ti sọnù, nítorí ọ̀wọ́ tó bá ku mẹ́sàn-án yóò máa dà á láàmú lójoojúmọ́.